Abẹ́ Yíyún Tó Ń Padà Wá: Ohun Tí Ìwé Ìwọ̀n Mi Fi Hàn Mí

Aránṣọ ni mí, n'Ìbàdàn. Gbogbo aránṣọ ló ní ìwé tó ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn. Ẹ̀yìn ìwé tèmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ tí abẹ́ bá ń yún mi sí, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti sú mi pátápátá. Mi ò kọ "abẹ́" síbẹ̀ o, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń ṣí ìwé yẹn. "Y" ni mo ń kọ, màá wá fi déètì sí i.

Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé PCOS, ìṣòro hòmóònù tó ń da ilé ẹyin obìnrin láàmú, ló ń ṣe mí. Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni nǹkan oṣù mi ń wá lọ́dún, irun ń hù ní àgbọ̀n mi, irorẹ́ ò sì kúrò lójú mi. Nígbà tí wọ́n ṣe scan, ẹyin wẹ́wẹ́ tí kò gbó ló kún ilé ẹyin mi. Ìyá mi ní ijù ni, ó ti ń wá àgbo kiri. Kì í ṣe ijù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ yìí kan ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, débi tí màá fi mọ̀ pé ó lè kan abẹ́ mi.

Tó bá ti yún mi, ó di kẹ́mísìtì. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ á ní, "Àǹtí mi, ẹ má dààmú, toilet infection ni." Á fún mi ní metronidazole, tí gbogbo wa ń pè ní Flagyl, á fi kápúsù aláwọ̀ méjì kan kún un. Nígbà míì á rọlẹ̀, nígbà míì á tún le sí i. Lọ́dún kan ṣoṣo, "Y" márùn-ún ló wà lẹ́yìn ìwé mi.

Láti orí ẹ̀kẹta ni mo ti ń kọ nǹkan míì mọ́ ọn: oògùn tí mo lò, ibi tí mo lọ, ohun tí mo wọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Méjì nínú márùn-ún ló tẹ̀ lé doxycycline, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fún mi nítorí irorẹ́. Ọ̀kan tẹ̀ lé oṣù December tí mo ń ti òde ayẹyẹ kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń mu mọ́ọ̀tì bí ẹni ń mu omi. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n aránṣọ mọ̀ ọ́n tí ìwọ̀n kan náà bá ń yọjú lemọ́lemọ́.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà obìnrin ló gbà mí. Ó ka ẹ̀yìn ìwé náà tán, ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti gba nǹkan tó ń dà yẹn lọ sí láàbù rí, mà?" Wọn ò gbà á rí. Mo ti lo oògùn ẹ̀ẹ̀marùn-ún láìṣe àyẹ̀wò kankan.

Ó ní kí n lọ, kí n padà wá tó bá tún yún mi, kí n má sì tíì lo oògùn, kí n má ki ohunkóhun bọ ibẹ̀. Èyí nira o, torí ọwọ́ èèyàn á ti máa wá nǹkan tó máa fi pa á. Mo fara dà á fún ọjọ́ méjì. Wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé òwú sí lórí, bí èyí tí a fi ń nu etí ṣùgbọ́n tó gùn jù ú lọ, gba díẹ̀. Dókítà fi bébà kékeré kan kan omi náà, àwọ̀ bébà náà fi hàn pé pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, ò kọjá 4.5. Ó ní tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tó sì ń rùn bí ẹja, àìsàn míì ni, ìyẹn gan-an ló ni metronidazole. Tèmi ò rùn. Ó funfun, ó ṣù bí ògì tó dì.

Èsì láàbù ní Candida albicans ni, irú ìwúkàrà kan tí ojú lásán ò lè rí. Dókítà ní ó ti máa ń gbé ara ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ láìyọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn kòkòrò rere kan ló ń ká a lọ́wọ́ kò; oògùn apakòkòrò tí mò ń gbé mì ń pa àwọn wọ̀nyẹn, kò sì rí candida ṣe. Tó bá sì ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, a kì í tún wò ó bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ló gbà tẹ̀ lé e. HbA1c mi, àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta hàn, jẹ́ 6.1. Láti 5.7 dé 6.4, ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ lèèyàn wà, 6.5 sókè, ó ti wọlé. Ọ̀pọ̀ àwa tó ní PCOS ni ara wa kì í gbọ́ ti insulin, èròjà ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, dáadáa, ṣúgà á wá máa pọ̀ sí i lára, candida sì fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ní kí n yé jẹ búrẹ́dì torí ìwúkàrà ni wọ́n fi ṣe é. Rárá o, ìwúkàrà yẹn ti kú sínú ààrò. Ìyẹ̀fun rẹ̀ tó ń yára di ṣúgà ni tèmi. Mo dín búrẹ́dì àti ẹ̀bà kù, mo fi ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ mi, mo sì jáwọ́ nínú mọ́ọ̀tì. Metformin 500 mg, oògùn tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi, pẹ̀lú oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ilé ìgbẹ́ ni mò ń sá lọ ṣáá.

Kí wọ́n tó fún mi ní fluconazole, oògùn tó ń kápá candida, wọ́n yẹ̀ mí wò fún oyún. Mo rẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí nǹkan oṣù yín kì í wá déédéé, báwo lẹ ṣe máa mọ̀?" Oògùn yẹn kò dára fún aboyún, metformin sì lè mú kí ẹyin tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó bi mí léèrè gbogbo oògùn míì tí mò ń lò. Lẹ́yìn náà: 150 mg lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kẹrin àti ọjọ́ keje, kí ó wá di ẹyọ kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ Àìkú ni mo yàn, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oṣù kejì ni mo fẹ́ dáwọ́ dúró, torí kò yún mi mọ́, owó oògùn sì ń dùn mí. Ọkọ mi ló ní kí n parí ẹ̀.

Òun náà ti ń bẹ̀rù pé òun ló kó o bá mi, èmi náà sì ti ń wò ó tìfura-tìfura. Dókítà ní àfi tó bá ń yún òun fúnra rẹ̀, kò nílò oògùn. Ìyẹn nìkan tó owó mọ́tò tí mo san lọ síbẹ̀.

Álọ́ọ̀mù tí mò ń pò mọ́ omi fi fọ inú, mo dà á nù. Omi lásán ni, níta nìkan. Àwọn pátá onínáílọ́ọ̀nù tí mò ń wọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀, mo tú ìsàlẹ̀ wọn, mo fi aṣọ òwú rọ́pò rẹ̀. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Mo parí oṣù mẹ́fà náà. HbA1c mi ti bọ́ sí 5.6. Láti ìgbà yẹn, "Y" kan ló wà nínú ìwé: lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín mi, tí wọ́n sì fún mi ní apakòkòrò. Láàbù ni mo kọ́kọ́ lọ. Ojú ewé mẹ́ta ló ṣẹ́kù lẹ́yìn ìwé náà, mo sì ti kọ ìwọ̀n ìyàwó kan sí ọ̀kan nínú wọn: ìbàdí 42, gígùn 45.