Bí òkè Ìdànrè ṣe bá wa parí ìjà ibi iṣẹ́

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó àti àwọn awakọ̀ tó ń kó ọjà jáde níbi iṣẹ́ wa l'Ákùrẹ́ kì í ti í kí ara wọn. Mo pe ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ló já sí.

Mo ní ká máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ìyẹn tún dá kún un: àwọn obìnrin jókòó wòran, ẹni tí wọ́n bá sì nà á gbé ìbínú dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìdíje kọ́ ló yẹ wá rárá.

La bá gba Ìdànrè lọ. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600. Mo so àwọn tó ń bínú síra wọn pọ̀ ní méjì-méjì, ìgò omi kan fún ẹni méjì, mo sì fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀ jù síwájú, kí gbogbo wa máa rìn bó ṣe ń rìn. Níbi ìsinmi kejì, akápò wa di orúnkún wọn mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Awakọ̀ tí wọn kì í bá sọ̀rọ̀ ló ṣí omi fún wọn: "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ mu díẹ̀." Wọn ò dákẹ́ mọ́ títí a fi dé ààfin àtijọ́ lókè.

Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tó. Ní báyìí, a máa ń fi 30 ìṣẹ́jú rìn kánmọ́kánmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ó pé 150 ìṣẹ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré jù fún àgbàlagbà. A kì í fipá mú ẹnikẹ́ni. Lánàá, akápò ló ní ká dúró, ọkọ̀ kan ò tíì dé.