Ẹ́ńjìnnì jíìpù yín ń ráhùn? Ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Ẹ́ńjìnnì kì í sábà kú lójijì. Ẹ tẹ́tí sí ẹjọ́ àwọn tí jíìpù wọn dẹnu kọlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ti ń ráhùn fún oṣù mélòó kan, wọ́n kàn ń fi ohun mìíràn pa á lẹ́nu ni. Mi ò sọ pé kò sí èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ jẹ̀bi rẹ̀. Ó wà, ẹ ó sì kà nípa rẹ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ láàárín ìgbà tí àmì àkọ́kọ́ yọ sí ìgbà tí ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò jù. Irú jíìpù tí mò ń sọ ni àwọn tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù: Highlander, Pilot, Explorer, Santa Fe, Sorento àtàwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ má dúró de iná ọ́ìlì pupa

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé bí ọ́ìlì bá ń dín kù, iná pupa yóò sọ fún àwọn. Rárá o. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì ni iná yẹn ń ṣọ́, kì í ṣe iye ọ́ìlì tó kù. Nígbà tí ó bá fi máa tàn, irin ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Bó bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú délé ná" ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ju bí a ṣe lè kà lọ. Ẹ́ńjìnnì V6 3.5 kan (onísìlíńdà 6, tó jẹ́ lítà 3.5) tí Toyota lò nínú Highlander ní páìpù ọ́ìlì kan tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà náà máa ń bẹ́, ọ́ìlì á sì tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà padà fi èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àlòkù, kó yẹ páìpù yẹn wò kó tó yẹ rédíò wò.

Gééjì ọ́ìlì ni kí ẹ gbára lé. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ fún un ní bíi ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì ro wálẹ̀. Ẹ fa gééjì yọ, ẹ nù ún gbẹ, ẹ tì í bọ ihò rẹ̀ dé ìdí, ẹ wá tún fà á yọ. Èyí tí ẹ fà lẹ́ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ gbàgbọ́, torí èyí àkọ́kọ́ máa ń kó ọ́ìlì tó ta sára ihò jáde. Láti àmì ìsàlẹ̀ dé tòkè, nǹkan bíi lítà 1 ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti kìlómítà sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá bù kún un. Ẹ́ńjìnnì lè máa jẹ ọ́ìlì láìjò sílẹ̀ àti láìrú èéfín. Àwọn tó ní Honda onísìlíńdà 6 tó máa ń pa àwọn kan nínú sìlíńdà rẹ̀ tì láti fi epo pamọ́ mọ̀ ọ́n: ọ́ìlì á gba ara ríìngì tó yí písítìn ká kọjá, á bo púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Pípẹ́ kí a tó pààrọ̀ ọ́ìlì náà tún ní tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V6 3.6 ti General Motors, èyí tó wà nínú Chevrolet Traverse àti GMC Acadia ọdún 2009, ṣéènì táímìn rẹ̀ (èyí tó ń mú kí fáàfù ṣí, kó sì pa dé lásìkò) ń gbó kó tó yẹ. Apá kan ojútùú tí ilé iṣẹ́ náà mú wá ni pé wọ́n tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ṣe kó lè máa tètè béèrè fún ọ́ìlì tuntun. Ẹ ronú sí ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọ́ìlì náà "ṣì dúdú díẹ̀ ni".

Ẹ má fi ọ́ìlì tó ki pa ariwo mọ́lẹ̀

Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́, ẹnì kan ní kí ẹ da 20W-50 sí ibi tí ìwé ọkọ̀ ti ní kí ẹ da 0W-20 tàbí 5W-30. Ariwo á sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Ìwòsàn kọ́ nìyẹn. Ọ́ìlì tó ki kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì òde òní kéré, ẹ̀rọ tó ń yí táímìn fáàfù padà sì ń fi ọ́ìlì yẹn ṣiṣẹ́. Kọ́-kọ́-kọ́ tó ń yára bí ẹ ṣe ń tẹ tòròtúù sábà máa ń jẹ́ bẹ́ríǹ tó ti gbó lára kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kiráńkì, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti débẹ̀, ọkọ̀ afàkọ̀ ni kó gbé e lọ, ẹ má wà á.

Ibí yìí ni ẹ̀bi ilé iṣẹ́ ti wọlé. Ẹ́ńjìnnì Theta II ti Hyundai àti Kia ló kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́gbọ́n. Ní ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ pe Sonata, ọkọ̀ Hyundai kan, padà fún àtúnṣe ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2017, ó ti kan Santa Fe Sport, Sorento àti Sportage. Irin wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń gé kiráńkì ló ń dí ọ̀nà ọ́ìlì, bẹ́ríǹ á gbẹ, kọ́nrọ́ọ̀dù á sì lè fọ́ ara ẹ́ńjìnnì jáde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là kan ilé iṣẹ́ méjèèjì nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún kó ètò kan sínú kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ yìí tó ń fetí sí ìró bẹ́ríǹ: bó bá gbọ́ ọ, iná check engine á máa ṣẹ́jú, agbára ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, kóòdù P1326 (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀) á sì jáde. Kí làwọn kan ṣe? Wọ́n ní kí mẹkáníìkì pa kóòdù náà rẹ́ kí ọkọ̀ lè padà máa sáré. Ẹ dákun, ìgbà tí nǹkan kan bá gbọ́ ìró ikú tí etí yín ò tíì gbọ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́.

Kóòdù tí ẹ pa rẹ́

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kí ẹ tó pa kóòdù kankan rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi skánà ka àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ ní ìṣẹ́jú tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bó ṣe ń yí tó, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Píparẹ́ máa ń gbá gbogbo ìyẹn lọ. Bó bá jẹ́ P0301, ohun tó ń sọ ni pé iná ò mú dáadáa ní sìlíńdà 1. Ẹ gbé kọ́ìlì ibẹ̀ lọ sí sìlíńdà 3 kí ẹ tó ná owó. Bí kóòdù bá di P0303, kọ́ìlì ni. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, ẹ wo púlọ́ọ̀gì, ínjẹ́ẹ̀tọ̀ tàbí fáàfù.

Iná check engine tó dúró gbọn-in lè fún yín láàyè láti délé. Èyí tó ń ṣẹ́jú kò fún yín. Epo tí kò jó ń wọ sàléńsà, ó sì ń sun kátálíìsì inú rẹ̀ (ohun tó ń fọ èéfín mọ́), èyí tí owó rẹ̀ ju ti kọ́ìlì lọ fíìfíì.

Ooru

Ẹ má ṣí ìdérí rẹdíétọ̀ nígbà tó gbóná. Ó dà bíi pé gbogbo èèyàn ló mọ èyí, síbẹ̀ iléewòsàn ò tíì yé gba àwọn tó ṣí i. Omi àti kúláǹtì tí a pò ní ìdajì-ìdajì ń hó ní nǹkan bíi 106°C, àmọ́ abẹ́ ìdérí tó ń fún un pọ̀, ó lè gbóná kọjá 120°C kó má tíì hó. Lọ́gán tí ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú yín ló máa ta sí.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọwọ́ àmì ooru inú dáṣíbọ́ọ̀dù lè tan èèyàn jẹ. Wọ́n ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kó dúró sáàárín gbọn-in bí ooru tilẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bí omi bá sì ti tán pátápátá, sẹ́nsọ̀ á wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, ọwọ́ náà lè máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí tọ́ọ̀pù sìlíńdà ti ń tẹ̀. Bí híítà bá ṣàdédé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ fura.

Yíyọ tẹmọsítáàtì (fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) sọnù náà kì í ṣe ọgbọ́n. Kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, á máa tú epo lé epo. Oògùn tí a ń dà sínú rẹdíétọ̀ láti dí ojú tó ń jò a máa dí híítà pẹ̀lú.

Bí kúláǹtì bá sì ń dín kù tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ má kàn máa bù kún un. Ẹ béèrè ibi tó ń lọ. Nínú Explorer onísìlíńdà 6, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 3.5, inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù sí, ṣéènì táímìn ló ń yí i. Bí ìdí rẹ̀ bá jò, inú ọ́ìlì ni omi lè gbà lọ. Ọ́ìlì orí gééjì tó funfun bíi wàrà túmọ̀ sí pé kí ẹ má tún sítáàtì ọkọ̀ yẹn mọ́.

Ìwé, àti ẹ́ńjìnnì àlòkù

Ẹ tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì gbogbo. Nígbà tí ẹ bá lọ bèèrè pé kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bèèrè. Ẹ fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wá ọkọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, torí àtúnṣe ìpè padà ò ní ọjọ́ kan pàtó tó ń jáde. Ní 2023, Honda pe àwọn Pilot kan padà nítorí kiráńkì tí wọn ò ṣe dáadáa, ó sì ju ọdún mẹ́rin lọ tí wọ́n ti ta púpọ̀ nínú wọn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì àlòkù lẹ fẹ́ fi rọ́pò èyí tó kú, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó pa á. Ẹ̀yà kan náà lè gbé àìsàn kan náà wá. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí fáàfù ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ rà: bó bá dúdú tó sì ní ẹrẹ̀ ọ́ìlì, ẹ fi sílẹ̀. Kí wọ́n sì pààrọ̀ kúlà ọ́ìlì tó wà lára ọkọ̀ kí wọ́n tó da ọ́ìlì tuntun sí i, torí irin wẹ́wẹ́ tó jáde lára ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, fífọ̀ lásán kì í sì kó o tán.