Lẹ́tà Ojú Ewé Kan Tó Ná Mi Ní ₦41,000

Mo ti yege ìdánwò, mo ti yege ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ti ní kí n máa bọ̀ l'Ékòó wá ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn kan. Mo gbéra l'Ádó-Èkìtì ní ìdájí, mo dé Victoria Island, wọ́n sì dá mi padà lórí tábìlì àkọ́kọ́. Lẹ́tà tí mo gbà níléèwé láti fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ wọn ni mí kò ní déètì tí IT máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó máa parí. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kò sì bá ti NIN mi mu. Mo padà s'Ádó, mo tún un ṣe, mo tún lọ. Ọkọ̀ ₦18,000 ní àlọ, ₦18,000 ní àbọ̀, ₦5,000 láti Òjótà dé Island àti láti ibẹ̀ padà. ₦41,000 gbáà, lórí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ì bá ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé. Ó ṣì ń dùn mí.

Kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Business Admin ni mò ń kà. Àwọn ará ẹ̀ńjìníà, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọ̀gbìn ní SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́, tí ITF, àjọ ìjọba tó wà fún kíkọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973. Fọ́ọ̀mù tiwọn wà nílẹ̀, lẹ́tà tiwọn wà nílẹ̀, wọ́n sì ní ọ́fíìsì tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní dípátímẹ́ǹtì tiwa, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe IT á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a, á sì máa tọrọ lẹ́tà bí ẹni tọrọ iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò le. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí gbogbo ojú yín wà lára McKinsey, BCG àti Bain, àwọn ńláńlá inú iṣẹ́ náà, nìkan. KPMG, PwC, Deloitte àti EY náà ní ẹ̀ka agbaninímọ̀ràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò owó (Audit), nítorí náà ẹ ka ibi tí ẹ ń fi àmì sí dáadáa. Ẹni tó fi àmì sí Audit ti kọ̀wé fún iṣẹ́ mìíràn. Ibi tí èmi bọ́ sí jẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 30. Wọn kò polówó àyè kankan, ímeèlì ni mo fi kọ̀wé sí wọn. CV ojú ewé kan, PDF. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tí mo kún ló béèrè CGPA 3.50 lórí 5.00, ìyẹn second class upper, kí wọ́n tó wo ohun mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tí mo yí padà lórí CV mi tó jẹ́ kí wọ́n dá mi lóhùn ni ìlà ipò akápò. Tẹ́lẹ̀, mo kọ ọ́ pé mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́ pé iye àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ kúrò ní 97 sí 186 nínú 240, pé fífi orúkọ ẹni tó ti san sára ògiri lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló fà á.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà: ẹ ní bátìrì tó kún, ẹ ní dátà lórí láìnì méjì, nítorí iná lè lọ nígbàkígbà. Ìbéèrè pásẹ́ǹtì ló ń gé ènìyàn lọ́wọ́. Bí iye ọjà bá gòkè ní 25%, tó tún wá sílẹ̀ ní 20%, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an ló padà sí. Ẹni tó bá yọ 20 nínú 25 á kọ 5% sílẹ̀, á sì gba òdo.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni mo fi ń yangàn. Kíláàsì ti kọ́ wa ní SWOT (agbára, àìlera, àǹfààní àti ewu ilé iṣẹ́), ó ti kọ́ wa ní àpótí mẹ́rin BCG tí wọ́n fi ń pín ọjà ilé iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin, tí Bruce Henderson gbé jáde ní 1970, àwa náà sì ti há wọn sórí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka SWOT lójú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ti fi hàn wọ́n pé òun kò tíì gbọ́ ìbéèrè. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ẹ fọ́ ìṣòro sí wẹ́wẹ́ lójú wọn, kí ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń rò jáde lẹ́nu. Mo fi búkà iyán ṣe ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí pé ìyẹn ni òwò tí mo mọ inú rẹ̀ l'Ádó.

Ẹ wò ó. Abọ́ iyán kan ₦2,000. Iṣu, ọbẹ̀, ẹran àti gáàsì tó bá abọ́ kan lọ jẹ́ ₦1,400. Owó ilé, owó àwọn tó ń gúnyán àti owó iná jẹ́ ₦720,000 lóṣù, bóyá wọ́n tà tàbí wọn ò tà. Abọ́ mélòó ni màmá oníbúkà máa tà kó tó kúrò nínú gbèsè? Àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo bá ṣe ìdánrawò ni pé wọ́n máa ń pín ₦720,000 sí ₦2,000, wọ́n á ní 360. Rárá o. ₦600 tó kù lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń san owó ilé, nítorí náà 1,200 ni. Ní báyìí, iṣu wọ́n kí tuntun tó dé, owó abọ́ kan wá di ₦1,550. ₦450 ló kù, ó sì gbọ́dọ̀ ta 1,600. Bó bá ń ta 50 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26, 1,300 ni. Èrò ń ya wọ búkà bíi ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ₦60,000 tó ń jẹ lérè ti di gbèsè ₦135,000. Bó bá fi ₦150 lé owó abọ́, ₦600 tún padà wá, ó sì lè pàdánù abọ́ 100 lóṣù kó tó jẹ gbèsè. Kí ẹ lè sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ṣe pè yín. Irú ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n bi mí, ilé búrẹ́dì ni wọ́n fi ṣe é, n ò fi bẹ́ẹ̀ lo pẹ́ńsù.

Ó wá ku lẹ́tà.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè fún un, ìwé náà á gba ọ̀dọ̀ level adviser, olùkọ́ tó ń bójú tó level yín, á dé ọ̀dọ̀ HOD, olórí dípátímẹ́ǹtì, á wá padà sọ́dọ̀ akọ̀wé tó máa tẹ̀ ẹ́. Sẹ̀mẹ́sítà ti parí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ ti túká. Ọjọ́ iṣẹ́ 11 ló gbà. Ọjọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀, ìwé mi wà lórí tábìlì kan lábẹ́ fáìlì mìíràn. Èmi fúnra mi ni mo fà á yọ. Nígbà tí lẹ́tà jáde, àdàkọ àtijọ́ ni wọ́n lò: “To Whom It May Concern”, orúkọ méjì, nọ́ńbà mátríìkì, gbólóhùn kan pé akẹ́kọ̀ọ́ wa ni, òǹtẹ̀. Mo bi akọ̀wé bóyá kò yẹ kí déètì wà níbẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, bá a ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo yín nìyẹn.” Mo ní ẹ ṣé mà, mo gbà á. Ó yẹ kí n ti dúró lórí ọ̀rọ̀ déètì yẹn.

Déètì kì í ṣe àṣejù. Láìsí i, ilé iṣẹ́ kò lè kọ ìwé àdéhùn, kò sì lè mọ ìgbà tí owó oṣù bẹ̀rẹ̀. Orúkọ náà ní ìdí: báǹkì ni wọ́n ń sanwó sí, orúkọ báǹkì tẹ̀lé BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì, tèmi sì bá NIN mu, orúkọ mẹ́ta. Pọ́tà iléèwé, ìkànnì tí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wà, ní méjì. Lójú ẹni tí kò mọ̀ mí rí, èèyàn méjì ni.

Nígbà tí mo padà dé, n ò tọrọ mọ́. Mo jókòó sí káfé kan ní Ajílósùn, mo tẹ lẹ́tà náà fúnra mi: orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe wà lórí NIN, gbólóhùn kan pé ẹni yìí kan náà ló wà lórí pọ́tà pẹ̀lú orúkọ méjì, level, CGPA, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, nọ́ńbà olùkọ́ tí wọ́n lè pè. Mo mú un lọ pẹ̀lú fíláàṣì. HOD kà á, wọ́n ní kí akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé dípátímẹ́ǹtì, wọ́n bọwọ́ lù ú. Ìṣẹ́jú 20 péré. Ọjọ́ 11 tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 20 báyìí, ọ́fíìsì kan náà.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn l'Ékòó. Ìgbà tí wọ́n fèsì pé ó ti dára ni mo tó sanwó ọkọ̀. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ₦41,000 yẹn wà lápò mi. Bí mo bá tún un ṣe, lẹ́tà ni màá kọ́kọ́ wá, kódà kí n tó mọ ilé iṣẹ́ tó máa gbà mí, nígbà tí gbogbo olùkọ́ ṣì wà lórí ìjókòó, màá wá fi àyè orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ti fún aṣojú kíláàsì 300 level ní àdàkọ tí mo tẹ̀. Àyè orúkọ, mátríìkì, ilé iṣẹ́ àti déètì méjèèjì nìkan ló ṣófo níbẹ̀.