Bí A Ṣe Ń Kápá Ewu Nígbà Tí A Bá Ń Ṣe Ẹ̀rọ Ààbò fún Bàálù Ogun

Ẹ̀rọ kan wà tó ń ta awakọ̀ bàálù ogun lólobó pé rédà ọ̀tá ti ń wò ó. Òmíràn ń da rédà náà láàmú. Òmíràn tún ń tú iná tàbí fọ́nrán wẹ́wẹ́ sílẹ̀ láti tan mísáìlì jẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí tábìlì. Ìgbà tí wọ́n bá jọ wà nínú bàálù kan ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú, ibẹ̀ ni kí ẹ sì ti kọ́kọ́ wá ewu.

Ẹ kọ ewu kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tó pé. "Ewu sọ́fítíwíà" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Nítorí pé áńtẹ́nà ìkìlọ̀ sún mọ́ rédà bàálù wa, agbára rédà yẹn lè di í létí; bó bá rí bẹ́ẹ̀, awakọ̀ ò ní mọ̀ pé ọ̀tá ti rí i." Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ewu mọ́, ìṣòro ni. Ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi 1 sí 5 wọn bó ṣe ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tó, kí ẹ tún fi 1 sí 5 wọn bí yóò ṣe dunni tó. Ẹ má kàn sọ méjèèjì di ìsodipúpọ̀. 1 lọ́nà 5 àti 5 lọ́nà 1 dọ́gba lórí ìwé, àmọ́ ọ̀kan lè gba ẹ̀mí awakọ̀, èkejì ò ju ìdádúró díẹ̀ lọ.

Ìdíwọ́ láàárín àwọn ẹ̀rọ gba àkókò jù. Ẹ̀rọ tó ń da rédà láàmú máa ń pariwo débi pé ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tiwa gan-an ò ní gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, a máa ń fi wáyà kan so wọ́n pọ̀ kí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ lè di etí fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá bí èkejì bá ń sọ̀rọ̀. Tí dídi etí yìí bá pọ̀ jù, àmì ọ̀tá tó kúrú á kọjá láìsí ẹni tó rí i. Ẹ tan rédà, rédíò àti gbogbo ẹ̀rọ yòókù pa pọ̀ nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ń gbé ìgbì mì, kí ẹ wọn iye àkókò tí etí fi dí, kí bàálù tó gbéra. Nínú àwọn ìlànà iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, MIL-STD-461 ni ti ìdíwọ́, MIL-STD-704 ni ti iná mànàmáná inú bàálù. Ẹ̀rọ tó bá kú nígbà tí iná fóltì 28 bá já wálẹ̀ díẹ̀ kò tíì ṣe tán.

Ẹ ya fáìlì tó ń ṣàpèjúwe rédà ọ̀tá sọ́tọ̀ kúrò lára sọ́fítíwíà, nítorí pé ọ̀tá máa ń pààrọ̀ rédà, kò sì yẹ kí ìyẹn fa ìdánwò gbogbo nǹkan látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ṣíìpù inú ẹ̀rọ wọ̀nyí ìgbà tí wọn yóò dáwọ́ títà rẹ̀ dúró.

Ewu kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ni ín, ọjọ́ ìdánwò, àti ètò mìíràn tí a ó lò bí ìdánwò náà bá kùnà. Máàkì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ nítorí ìpàdé. Èsì ìdánwò nìkan ni kó fà á wálẹ̀.