Bí A Ṣe Ń Fi Iná Tọ́jú Irin Stainless Láì Ba Inú Rẹ̀ Jẹ́

Kí ẹ tó ti irin stainless bọ iná, ẹ kọ́kọ́ mọ ìdílé tí ó ti wá, nítorí iná tí ó ń sọ ọ̀kan di líle ni ó ń ba èkejì jẹ́. Króómíọ́mù inú gbogbo wọn kì í dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún; òun ni ó ń bá ọ́síjìn pàdé lójú irin, tí ó ń di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà. Bí àwọn átọ́ọ̀mù inú irin ṣe tò ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ìdílé: austenitic, ferritic, martensitic àti duplex.

Ẹ fi òòfà kàn án. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe gan-an kí ó jẹ́ austenitic, irú bíi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 304, àmọ́ 304 tí wọ́n ti tẹ̀ ní tútù lè fa òòfà díẹ̀ níbi tí ó ti tẹ̀. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn gbọin-gbọin, ó lè jẹ́ ferritic, martensitic tàbí duplex. Nọ́ńbà ara irin tàbí ìwé rẹ̀ ni ó máa yanjú ìyẹn.

Iná kì í sọ 304 di líle. Lílù àti títẹ̀ ní tútù ni ó ń mú un le. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó rọ̀ padà, ẹ gbé e dé ìwọ̀n Celsius 1040 sí 1100, kí ooru náà wọ inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì rì í bọ omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyára yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Láàárín nǹkan bí 425 sí 850, kábọ́ọ̀nù máa ń rìn lọ sí ààlà hóró sí hóró, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí ó para pọ̀ di irin, ó sì ń so mọ́ króómíọ́mù tí ó bá níbẹ̀, títí króómíọ́mù yóò fi ṣọ̀wọ́n létí hóró, tí ìpẹtà yóò sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ wo irin báyìí tí wọ́n fi wẹ́lìdì jó pọ̀, tí ó sì ti pẹ́ nínú omi iyọ̀: ojú jíjó náà lè máa dán, kí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà ní mílímítà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ooru ti jókòó pẹ́ jù. Nítorí náà, bí irin tí ẹ máa jó bá nípọn, tí ẹ kò sì ní lè gbé e padà sínú ìléru, ẹ lo 304L, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju ìdá 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tàbí 321, tí titanium inú rẹ̀ ń gba kábọ́ọ̀nù mọ́ra kí ó tó dé ọ̀dọ̀ króómíọ́mù.

Martensitic bíi 420, tí a fi ń rọ ọ̀bẹ, ni iná ń sọ di líle. Ẹ gbé e dé 980 sí 1065, kí ẹ rì í bọ òróró, tàbí kí ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tù ú bí ó bá fẹ́lẹ́. Omi lè mú kí ó sán. Nígbà tí ó bá tutù, fáìlì á máa yọ̀ lára rẹ̀ láì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó lè kán bíi dígí tí ó bá já bọ́. Ẹ má fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: ẹ dá a padà sí ooru 150 sí 370 fún wákàtí 1 tàbí 2. Ẹ yẹra fún 425 sí 565, torí ó ń dín agbára rẹ̀ láti gba ìlù kù, ó sì ń ṣí i sílẹ̀ fún ìpẹtà.

Ferritic bíi 430 kò fẹ́ kí ó pẹ́ ní nǹkan bí 475, nítorí á di ẹlẹgẹ́. Duplex 2205, tí ètò ti ferritic àti ti austenitic fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba nínú rẹ̀, ń fẹ́ 1020 sí 1100 àti omi kíákíá. Bí ó bá jókòó láàárín 700 sí 950, ohun líle kan tí wọ́n ń pè ní sigma á hù nínú rẹ̀, á sì máa ṣẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ha àwọ̀ búlúù tàbí ti ilẹ̀ tí iná fi sójú irin kúrò títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí króómíọ́mù abẹ́ rẹ̀ ti dín kù.