Àṣìṣe Tó Ń Ba Kéèkì Eléso Jẹ́ Nígbà Tí Kò Bá Sí Ẹyin àti Wàrà

Ẹni tí kì í jẹ ẹyin, tí kì í fẹnu kan wàrà tàbí bọ́tà, a lè ṣe kéèkì eléso tó gbámúṣé fún un ní Abẹ́òkúta níbí, láìwá nǹkan kan lọ sí Èkó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á yọ ẹyin kúrò, wọn ò ní fi ohun tó máa ṣe iṣẹ́ ẹyin rọ́pò rẹ̀. Ẹyin ló ń di kéèkì mú, òun náà ló ń bá a wú. Fún ife fúláwà 2, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 2 tí èèpo wọn ti ń dúdú, tí ẹ gún kúnná, á dì í mú. Ní ti wíwú, ṣíbí tíì 1 béékìn sódà àti ṣíbí ìjẹun 1 fínígà ti tó.

Fínígà yẹn làwọn kan máa ń fò. Sódà tí kò rí ohun kíkan kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, á sì máa dà bí ọṣẹ lẹ́nu. Bí méjèèjì bá ti pàdé, ó ti ń hó nìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó lọ wá gáàsì. Kí óófìn ti gbóná dé 160°C ṣáájú. Ẹ má sì pò ó títí, torí fúláwà tí wọ́n bá pò jù máa ń le. Tí ẹ ò bá ti rí fúláwà gbígbẹ mọ́, ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni wàrà tó fara pamọ́. Ẹni tí wàrà ń bá jà lára, tàbí tó ti pinnu pé òun ò jẹ ohun tó ti ara ẹranko wá, ọkàn ló fi tán yín. Bí ẹ bá dé ọjà Kútọ̀, tí ẹ bi ìyá tó ń tajà pé, “Ìyá, ṣé mílíìkì wà nínú bọ́tà yìí?”, wọ́n lè ní, “Rárá o, ọmọ mi, òróró lásán ni.” Wọn ò parọ́, ohun tí wọ́n rí níwájú ike ni wọ́n sọ. Ẹ yí ike yẹn padà, kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí “whey”, “casein” tàbí “caseinate”, wàrà màlúù ni. Wàrà àgbọn oníyẹ̀fun míì náà ní i. Èmi fara mọ́ ìdajì ife òróró àti àgbọn tí ẹ fọwọ́ ara yín rin, tí ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún.

Èso wá ńkọ́? Ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ rà ní Láfẹ́nwá dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló kún inú rẹ̀, bí ẹ bá sì dà á sínú kéèkì bẹ́ẹ̀, àárín rẹ̀ á rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ẹ gbé e ka iná kékeré títí omi á fi gbẹ, tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Ìbẹ́pẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Dàbínù ní tirẹ̀ gbẹ jù: ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn tàbí sóbò mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ gbẹ, kí ẹ sì fi fúláwà díẹ̀ pa á lára. Gbogbo èso náà kò gbọdọ̀ ju ife kan àbọ̀ lọ, torí láìsí ẹyin, kéèkì ò lè gbé ẹrù tó pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ẹ má ṣí óófìn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó mọ́ gún un wò.

Omi ṣúgà tí à ń dà lé e lórí, ìkánjú ló ń bà á jẹ́. Bí kéèkì bá ṣì gbóná, á yọ́ wọnú rẹ̀ lọ, kò ní dán. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Áísìn ṣúgà (ṣúgà tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun) ife 1, ṣíbí ìjẹun 1 omi ọsàn wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ẹ máa kán omi ọsàn náà sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa ṣàn wọ́ọ́rọ́ láti orí ṣíbí. Ṣúgà onípáálí lásán á máa rún lẹ́nu. Ẹ má fi oyin dípò rẹ̀ o, torí oyin náà, ara kòkòrò ló ti wá.

Nínú ooru ìlú wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn máa ń tètè kan, nítorí náà ẹ gbé èyí tí ẹ ò bá jẹ tán lọ́jọ́ náà sínú fíríìjì.