Bẹ́ ẹ ṣe lè fi PVDF àti nanotube ṣe fíìmù tó ń gbọ́ ìró irin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa fíìmù dúdú tí mo lẹ̀ mọ́ irin, èyí tó ń mú iná jáde tí irin bá gbọ̀n, tó sì ń jẹ́ kí n mọ̀ tí nǹkan bá tú nídìí irin náà, bá a ṣe ń ṣe é rèé. PVDF lorúkọ rọ́bà tó wà nídìí ẹ̀, Kawai ará Japan ló rí i ní 1969 pé tí wọ́n bá fà á tí wọ́n sì fi fóltì ńlá mú un, ó máa ń mú iná jáde nígbàkigbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó bá gbọ̀n. Nanotube ni okùn kábọ́ọ̀nù tín-ín-tín tí inú ẹ̀ ṣófo, òun ló ń jẹ́ kí rọ́bà yẹn le sí i, tó sì ń bá a to ara ẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni pé wọ́n rò pé bí nanotube bá ṣe pọ̀ tó ni fíìmù á ṣe dáa tó. Irọ́ ni jàre! Kábọ́ọ̀nù ń gbé iná. Tó bá ti pọ̀ débi tí àwọn okùn yẹn fi fọwọ́ kanra láti ojú kan dé ojú kejì, fóltì tẹ́ ẹ fẹ́ fi mú un á kàn gba inú ẹ̀ kọjá ni. Èmi ò kí ń ju 0.3 nínú 100 lọ. Fún gíráàmù 1 PVDF, mílígíráàmù 3 péré nìyẹn, lórí bébà ìwọ̀n ńṣe ló dà bí èédú ìdí ìkòkò tẹ́ ẹ fi ìka họ. Ẹ pa fáànù, ẹ wọ ìbòmú gidi, ẹ má fà á símú.

Mílílítà 10 DMF, ìyẹn omi kẹ́míkà tó ń yọ́ PVDF, lẹ máa kọ́kọ́ da nanotube yẹn sí. DMF ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ó sì ń gba ara wọlé, torí náà inú fume hood, ìyẹn àpótí tó ń fa èéfín kẹ́míkà síta, ni o, gúlóòfù butyl ni, ti nọ́ọ̀sì ò lè dá a dúró. Ẹ gbé e sínú bath sonicator, ìyẹn ẹ̀rọ olómi tó ń fi ìró gbọn nǹkan kó lè túká, fún bíi ìṣẹ́jú 30, ẹ ju yìnyín sínú omi ẹ̀ torí ó máa ń gbóná, ẹ má sì gbé e síbẹ̀ kẹ́ ẹ lọ jẹun, tó bá pẹ́ jù ó ń ṣẹ́ àwọn okùn yẹn ni. Ẹ wá da PVDF sí i, ẹ máa rò ó ní 60°C títí tó fi máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.

Ẹ dà á sínú àwo gíláàsì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ gbẹ ẹ́ ní 120°C nínú ọ́fínnì tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ ń jáde síta. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì tí ìwọ̀n ẹ̀ ò dín mọ́, ó ti gbẹ. Ìgbà òjò kan ni mo ṣe ọgbọ́n àgbọ́njù, mo ní kí n rọra gbẹ ẹ́ ní 50°C, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wọnú ẹ̀, ó jáde ní àwọ̀ eérú pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́, mo fà á báyìí ó ya fàà bíi bébà tó bọ́ sómi.

Tó bá ti gbẹ, ẹ gé e, ẹ mú un ní etí méjèèjì nínú ooru 80°C, ẹ rọra fà á kí sẹ̀ǹtímítà 2 di 8. Fífà yìí ṣe pàtàkì gan-an, òun ló ń sọ PVDF di irú èyí tó ń mú iná wá. Ẹ wá kun ọ̀dà fàdákà sójú méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má kùn ún dé etí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á fò gba etí kọjá, ẹ ó gbọ́ tááà!

Ẹ wọn bó ṣe nípọn. Ẹ wá fi fóltì mú un: 50 fóltì fún máíkírọ́mítà kọ̀ọ̀kan (ìdá kan nínú 1,000 mílímítà), tó bá nípọn tó máíkírọ́mítà 30, 1,500 fóltì nìyẹn, nínú òróró silicone tó gbóná dé 80°C fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó pa iná. Fóltì yẹn lè pa èèyàn o, ẹ fi resistor 10 MΩ, ìyẹn nǹkan tó ń dín iná tó ń kọjá kù, sójú ọ̀nà ẹ̀, ẹ sì fa iná tó kù jáde kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ó kù kẹ́ ẹ fi Araldite lẹ̀ ẹ́ mọ́ rúlà irin tẹ́ ẹ ti dè mọ́ etí tábìlì, nítòsí ibi tẹ́ ẹ dè é sí, kẹ́ ẹ so ó mọ́ oscilloscope, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná sójú ẹ̀, tó ní probe (wáyà ìwọ̀n) 10 MΩ. Mítà lásán ò ní rí nǹkan kan, torí iná ẹ̀ ń jò lọ kíákíá. Ẹ fi ìka ta rúlà yẹn, ìgbì á yọ lójú ẹ̀rọ. Ẹ wá dẹ ìdè yẹn díẹ̀, ẹ tún ta á: ìgbì á fàlẹ̀ sí i, ó ti sọ fún yín pé nǹkan tú nídìí òun.